Àṣìṣe Mi Ni Wọ́n Fi Ń Kọ́ Àbúrò Mi

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ èyí síta, nítorí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò ti jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Rọ́fìát àbúrò mi wà ní yunifásítì tí èmi náà ti jáde, department kan náà. Ìlọ́po mẹ́fà owó tí mo san nígbà tèmi ni wọ́n ń gbà báyìí. Màmá wa tó ń ta tòmátì ní Mile 12 ti yọ̀ǹda ìdajì ṣọ́ọ̀bù wọn fún ẹlòmíràn láti fi rówó san án. Màmá ti sọ ọ́: tí yunifásítì bá fi ọdún kan kún un, kí Rọ́fìát máa bọ̀ nílé.

Ó wá gba F nínú Statistics!

Mo ní kó gbé ìwé tó fi kàwé wá sílé mi ní Ìkòsí. Ó gbé handout jáde, èyí tí olùkọ́ Statistics wọn fipá tà fún wọn. Fọ́tòkọ́pì ni. Mo ṣí i.

Handwriting mi ni.

Nígbà tí mo wà ní 200 level, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni olùkọ́ yìí wá sí kíláàsì (ẹ má bínú, mi ò lè pè é ní "wọ́n" lónìí). Èmi ni mo ń dá ka Statistics náà, tí mo ń kọ note fún àwọn yòókù. Ó yá note náà lọ́wọ́ mi, kò dá a padà. Ní ojú ewé kẹrìnlá, ibi tó yẹ kí n ti fi mẹ́sàn-án pín, mẹ́wàá ni mo fi pín. Ta ni ì bá tọ́ mi sọ́nà? Rọ́fìát, tó ti rí èyí tó tọ̀nà nínú ìwé mìíràn, fi mẹ́sàn-án pín nínú ìdánwò, wọ́n fagi lé e. Ìbéèrè mẹ́ta ló sì dá lórí ìṣirò yẹn.

Mo lọ bá olùkọ́ náà ní ọ́fíìsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó yẹ kí inú mi dùn pé iṣẹ́ mi ṣì wúlò. Ó ní kí àbúrò mi tún ìdánwò ṣe, kó sì tẹ̀ lé handout. Lẹ́tà méjì ni mo kọ sí HOD. Kò sí èsì.

Nígbà tí àtúnṣe ìdánwò náà ku ọ̀la, Rọ́fìát pè mí. "Aunty mi, èwo ni kí n kọ? Tiyín àbí èyí tó tọ̀nà?"

Mo ro ti Màmá.

"Kọ tèmi."

Ó gba A. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti ń ra handout náà báyìí.

Ẹ̀yin òbí, pé ẹ sanwó gọbọi kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń kọ́ ọmọ yín o. Ẹ máa ṣí ìwé wọn wò. Kí ni ojú tiyín ti rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá sì wà lára àwọn tí wọ́n ti fi ìwé mi kọ́, ẹ dákun, ẹ forí jì mí.