Opó Muhydeen àti Ìwé Ìgbélùú Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Beyerúnká tí ẹ ń béèrè ilé Evelyn, wọn yóò kàn máa wò yín ni, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó mọ orúkọ yẹn níbẹ̀. Mọ́mì Òyìnbó ni kí ẹ béèrè. Àwọn ọmọdé yóò sìn yín débẹ̀, wọn yóò sì dúró tì yín láti gbọ́ ohun tí ẹ bá wá, torí ọmọ àdúgbò yẹn kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lẹ́yìn òun.

Ìlú kékeré kan tí wọ́n ti ń wa èédú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ni Muhydeen, ọmọ Ìbàdàn tó lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, ti rí i. Evelyn gbà láti fẹ́ ẹ, ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó sì tẹ̀ lé e wálé. Ẹni tó rí i lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó ti ọbẹ̀ ata nínú agbo ilé náà, tí omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò tí ó sì ń sọ pé ó dùn, kò ní gbà pé yóò pé ọdún kan. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Bàọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ girama kan nísàlẹ̀ òkè Mápó títí ó fi fẹ̀yìntì. Tó bá ń ná ọjà l'Ọ́jà'ba, ìyá aláta ló máa ń bẹ̀ ẹ́.

Sìdí, ìyáálé gbogbo ìyàwó ilé náà, ló kọ́ ọ. Nígbà tí Evelyn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Yẹ̀kínì ní gbangba, bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Sìdí fà á wọ yàrá, ó sì là á yé e pé ọkọ ni gbogbo ọmọ tó bá nínú ilé náà, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Evelyn ronú díẹ̀, ó sì sọ Yẹ̀kínì ní Akọ̀wé, nítorí bíírò kì í kúrò lápò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ló ń tà ní Gbági. Yẹ̀kínì fẹ́ràn orúkọ náà débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíírò méjì sápò.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Muhydeen kú. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Evelyn rí i pé àyè ṣì ṣẹ́ kù níbẹ̀ fún ẹnìkan, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀ nínú ẹkún tó ń sun, torí ó mọ ẹni tó ni àyè náà. Kò fẹ́ ibòmíràn mọ́ láyé.

Ó jáde opó tán kó tó rántí pé ìwé ìgbélùú òun, tí ìjọba fi ń gba àjèjì láyè láti máa gbé ìlú, ti fẹ́ tán. Ṣé ẹ rí ìwé yẹn, Muhydeen ló máa ń lọ fọwọ́ sí i, pé òun ni ọkọ rẹ̀, òun ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ obìnrin náà di ọmọ Nàìjíríà tipẹ́. "A ó ṣe é, a ó ṣe é" ni Muhydeen ń wí lọ́dọọdún. Ìbàdàn ni wọ́n sá wà, ta ló ń kánjú? Bí ọkùnrin yẹn ṣe ń fi ọ̀la pa ọ̀rọ̀ nìyẹn títí ọ̀la fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Abdulmajeed, àkọ́bí Yẹ̀kínì tó ń ta wáyà iná l'Ógùnpa, ló fi mọ́tò gbé Evelyn àti Yẹ̀kínì lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé àwọn àjèjì. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Morádéyọ̀ ló gbà wọ́n. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé àga fún wọn, kí ó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Màmá, ọkọ yín ló dúró fún yín nínú fáìlì yìí," ó wí jẹ́jẹ́. "Wọn ò sì sí mọ́. Ẹ lè padà sílùú yín, kí ẹ lọ gba físà níbẹ̀."

"Ìlú mi ni mo ti ń bọ̀ láàárọ̀ yìí," ni Evelyn fèsì. "Beyerúnká."

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó ní ọ̀nà kan tún wà, ti àwọn àjèjì tó ti fẹ̀yìntì. Ìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ráǹsì ìlera, ìyẹn adójútòfò tí yóò máa sanwó ìtọ́jú wọn.

Wàhálà mìíràn nìyẹn. Adójútòfò tí iléeṣẹ́ Muhydeen ń san fún tọkọtìyàwó ti bá Muhydeen lọ. Bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà ń bá Evelyn jà, ó sì ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ ni dókítà ń gún sí i lójú kó má bàa fọ́. Evelyn àti Yẹ̀kínì wọ ọ́fíìsì adójútòfò kan bọ́ sí òmíràn. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rín pàdé wọn títí wọn yóò fi béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Tí wọ́n bá wá gbọ́ ti ìtọ̀ ṣúgà, wọn á rọra fi bíírò sílẹ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kí ó padà wá nígbà tí ara rẹ̀ bá dá. Ẹ gbọ́ mi, ta gan-an ni wọ́n dá nǹkan ọ̀hún sílẹ̀ fún?

Qúdrát, ọmọ kan ṣoṣo tí Evelyn bí, ń gbé ní Leeds. Ó pè lórí fóònù. "Mọ́mì, ẹ máa bọ̀. Tí ẹ bá ti padà wá gbé níbí pátápátá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa tọ́jú ojú yín."

"Tí mo bá wá, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n padà sílé?"

Qúdrát yà sí ọ̀rọ̀ òjò tó ń rọ̀ ní Leeds. Ọmọ gidi ni, kò fẹ́ purọ́ fún ìyá rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Yẹ̀kínì wá bá a níbi tó jókòó sí lọ́ọ̀dẹ̀. Ó wúkọ́, ó tún fìlà ṣe, ó tún wúkọ́.

"Ìyàwó wa," ó wí, "bó bá jẹ́ ọkọ ni wọ́n ń béèrè lọ́hùn-ún, ọkọ ò tíì tán nínú ilé yìí. Ìyá Abdulmajeed ti kú, èmi nìkan ni mo wà. Jẹ́ kí n ṣú ọ lópó."

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Evelyn ni ẹ ó rò pé yóò dúpẹ́. Obìnrin tó jẹ́ pé nígbà tí ọkọ Sìdí kú, tí wọ́n sì ṣú Sìdí fún àbúrò ọkọ rẹ̀, òun ló dìde láàárín ìpàdé ẹbí tó ń pariwo pé, "Ṣé àga ni obìnrin ni, tí ẹ ó máa jogún rẹ̀?" Gbogbo Beyerúnká ló gbọ́ ọ nígbà náà. Muhydeen ò lè jáde fún ọjọ́ mélòó kan nítorí ìtìjú. Ṣé òun náà ni wọn yóò wá jogún báyìí, arúgbó tí ojú rẹ̀ ń bàìbàì? Ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Yẹ̀kínì. Lọ́jọ́ yẹn náà ló ní kí Qúdrát ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó ń di ẹrù lọ́wọ́ ní yàrá rẹ̀ lókè nígbà tí Sìdí wọlé tọ̀ ọ́. Ìyá náà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì gbó. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo bí Evelyn ṣe ń ká ìró.

"Lọ́jọ́ tí o pariwo níjọ́sí nítorí mi," ó wí, "inú bí mi sí ọ gan-an."

Evelyn dúró. "Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyáálé? Mò ń gbèjà yín ni."

"O ò bi mí. Bàbá Gbénga tó ṣú mi yẹn, kò fi ẹsẹ̀ kan yàrá mi títí ó fi kú. Àwọn kan nínú ẹbí ń fẹ́ gba yàrá mi, wọ́n ní kí n padà sílé bàbá mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó so yìgì yẹn kí ẹnu wọn lè pa mọ́ ni. Ọjọ́ tó so ó tán, kò sẹ́ni tó lè ní kí n kó jáde mọ́." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì. "Mi ò ní purọ́ fún ọ, àwọn obìnrin kan jìyà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n. Tiwọn ni o jà fún, o sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n tèmi ò rí bẹ́ẹ̀."

Evelyn jókòó sórí àpótí rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá ló ti ń ṣàánú obìnrin yìí nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i, kò sì bi í léèrè rí. Ojú tì í, ojú tì í gidi gan-an, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ sì ń rọ̀. Ó ronú kan Yẹ̀kínì tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè la ẹnu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dìde, ó lọ bá a ní ìsàlẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ ò ní wọ yàrá mi o."

"Ta ló fẹ́ wọ yàrá ẹ?" ni Yẹ̀kínì fèsì. "Orúnkún mi yìí, ṣé ó lè gun àtẹ̀gùn yẹn?"

Wọn ò fẹ́ fi ẹ̀tàn ṣe é, nítorí náà wọ́n padà lọ bá Morádéyọ̀, wọ́n sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bi ọ̀gá rẹ̀. Ó padà wá sọ pé bí yìgì bá ti jẹ́ òótọ́, tí àwọn ẹbí méjèèjì sì jẹ́rìí sí i, ọkọ ni ọkọ, wọn yóò gba lẹ́tà rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n Bàbá, wọ́n lè wá wò ó bóyá lóòótọ́ lẹ jọ ń gbé."

"Kí wọ́n máa bọ̀," ni Yẹ̀kínì wí. "Ó ti lé lógójì ọdún tí a ti jọ ń gbé ilé kan náà. Mo ti mọ gbogbo orin tó ń kọ tó bá ń fọṣọ."

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ni wọ́n kóra jọ sí pálọ̀ ńlá agbo ilé náà. Wọn ò pariwo rẹ̀, wọn ò sì pe èrò. Lèmọ́mù àdúgbò nìkan ni àlejò. Wọ́n tẹ́ ẹní kan sápá ọ̀tún fún ẹbí ọkọ, wọ́n tẹ́ òmíràn sápá òsì fún ẹbí ìyàwó, bí wọ́n ti ń ṣe níbi yìgì gbogbo. Bí àwọn ènìyàn ti ń wọlé, ọ̀tún ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Kì í ṣe ìkà o, ilé ọkọ sá ni wọ́n wà, ọmọ ilé náà sì ni wọ́n. Evelyn nìkan ló wà lápá òsì, pẹ̀lú Qúdrát nínú fóònù tí wọ́n gbé ti ìgò omi.

Lèmọ́mù gbé ojú sókè. "Ẹbí ìyàwó dà? Ta ni yóò fa ìyàwó fún ọkọ?"

Bàbá náà ò ní nǹkan kan lọ́kàn, bí wọ́n ṣe ń béèrè ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Evelyn dé egungun. Òbí rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ó ti gbó sínú ilé yìí, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Ó la ẹnu láti sọ fún Lèmọ́mù pé òun ò ní ẹnikẹ́ni.

Sìdí ti dìde. Ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn.

"Ìyáálé, níbo lẹ ń lọ?" ni Yẹ̀kínì béèrè.

"Mò ń lọ bá ọmọ mi jókòó." Ó fi ara rẹ̀ balẹ̀ sórí ẹní apá òsì, ó sì di ọwọ́ Evelyn mú.

Àwọn ìyàwó ilé tó kù gbé gèlè wọn, wọ́n tẹ̀ lé e. Àwọn tí Evelyn ti kọ́ ní ìwé dìde pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ẹní apá òsì kún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Abdulmajeed gbé bàtà rẹ̀, òun náà sọdá. Ó wá ku Yẹ̀kínì nìkan lápá ọ̀tún, nínú agbádá rẹ̀, pẹ̀lú bíírò méjì lápò.

"Abdulmajeed! Ìwọ tí mo bí?"

"Bàbá, ẹ rọra o. Àna yín ni mí báyìí. Ẹ dọ̀bálẹ̀ ná."

Ẹ̀rín bú. Yẹ̀kínì ń kùn, ṣùgbọ́n ó ká agbádá sí èjìká, ó di àga mú, ó rọra kúnlẹ̀, ó sì nà gbalaja níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ní kí wọ́n dìde," ni Evelyn ń bẹ̀ wọ́n. "Orúnkún wọn!"

"Dákẹ́, ìwọ," ni Sìdí wí. "O ti ń gbèjà ọkọ kí a tó fi ọ́ fún un?"

Abdulmajeed gba ọwọ́ Evelyn kejì. Ó fẹ́ fi ṣeré ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ yí padà. "Ọmọ wa nìyí," ó wí. "A fi í fún yín. Ẹ má lù ú, ẹ má fi ebi pa á. Lọ́jọ́ tó bá sú yín, ẹ má tì í síta. Ẹ dá a padà sí ilé tí ẹ ti mú un."

Yẹ̀kínì gbé orí sókè nílẹ̀. "Ilé wo?"

"Ilé yìí!" ni gbogbo apá òsì dáhùn.

Evelyn fi ojú pamọ́ sí èjìká Sìdí, ó sì bú sẹ́kún. Nínú fóònù, Qúdrát ń pariwo pé, "Mọ́mì, kí ló dé? Kí ni wọ́n sọ? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sọ fún yín?" Kò sẹ́ni tó ráyè dá a lóhùn.