Tántì Alice àti òfin pé ara kò gbọdọ̀ mì

Bí Tántì Alice bá ń polówó abọ́ tánganran lọ́jà Treichville ní Abidjan, àwọn olówó tó sùn ní Biétry á yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohùn yẹn náà ló ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ ìsinmi. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti ń fá irùngbọ̀n. Àyè iwájú nínú ẹgbẹ́ akọrin nìkan ni nǹkan tó ṣẹ́ kù tó ń fi gbogbo ẹnu pè ní tòun.

Wàhálà dé lọ́dún 1974, nígbà tí Célestin tó ń tún rédíò ṣe gbé gítà oníná wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Orin ìyìn ló ń ta, àmọ́ ó ń ta á bíi hàíláìfù ilé ọtí. Àwọn àgbà ìjọ ṣèpàdé títí irun orí àwọn kan fi re. Ìpinnu wọn rèé: kí gítà dúró, torí igi àti wáyà kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ dá, ara èèyàn ló mọ̀ ọ́n dá. Akọrin tí ara rẹ̀ bá mì láti ọrùn dé ilẹ̀ yóò kúrò nínú ẹgbẹ́.

Bàbá Ọlọ́runlékè, olórí díákónì, ni wọ́n fi ṣọ́ èjìká àwọn akọrin. Bí bàbá yìí bá dúró lẹ́bàá títì, àwọn tó ń retí ọkọ̀ á fẹ̀yìn tì í, wọ́n á rò pé òpó iná ni.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Tántì Alice di àga mú kí ara rẹ̀ má baà mì. Àga náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

“Tántì, mo rí yín o.”

“Àga lẹ rí, Bàbá.”

“Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn lẹ ó lọ jókòó, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sùn.”

Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn, Tántì Alice ta abọ́ láì polówó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí Zénabou, ìyá ọmọ kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó pọn ọmọ rẹ̀, Moufoutaou, ó ń mì sọ́tùn-ún sósì, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tó ń jó.

“Zénabou, ṣé o máa ń ráyè sùn láàárọ̀ dimáǹṣì, ọjọ́ ìsinmi?”

“Oorun wo, Tántì? Pẹ̀lú ọmọ yìí?”

“Gbé e fún mi.”

Bí Célestin ti ta gítà lọ́jọ́ ìsinmi, Tántì Alice pọn Moufoutaou, ó mì lọ, ó mì bọ̀, ó fi ìdí kọ lẹ́tà kan sáfẹ́fẹ́. Bàbá Ọlọ́runlékè sáré dé.

“Kí lẹ ń ṣe?”

“Mo ń rẹ ọmọ, Bàbá.”

“Ọmọ ta?”

“Ti Zénabou ilé wa. Moufoutaou lorúkọ rẹ̀.”

“Moufoutaou? Ọmọ Mùsùlùmí nínú ẹgbẹ́ akọrin?”

“Kò tíì máa kọrin. Ó kàn ń gbọ́ ni.”

“Ẹ dúró jẹ́ẹ́, Tántì.”

Ó dúró. Moufoutaou figbe ta, irú igbe tí àwọn olóbì ìlú Anyama lọ́hùn-ún á rò pé ààrá ni, tí wọ́n á fi kó ọjà wọn wọlé. Tántì Alice sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. “Ẹ bá mi gbé e, kí n lè ráyè dúró jẹ́ẹ́.”

Bàbá gbé èjìká kan sókè díẹ̀, igbe náà rọlẹ̀. Ó gbé ìkejì, ọmọ dákẹ́. Ó dúró, igbe tún bẹ́. Kí ló kù tó lè ṣe? Nígbà tí orin yóò fi dé ẹsẹ̀ kẹta, orúnkún Bàbá ti ń bá gítà jó, gbogbo ìjọ sì ti gbàgbé ìwé orin wọn. Tántì Alice nìkan ló dúró gbagidi, tó ń kọrin bí áńgẹ́lì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

“Tántì,” ni Bàbá sọ wúyẹ́wúyẹ́, “ẹ gba ọmọ yín, ẹ máa rẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù yín.”

Wọn kò fagi lé òfin náà. Wọ́n kàn fi kún un pé kò kan ẹni tó bá ń rẹ ọmọ. Báyìí, láti ọjọ́ Ẹtì làwọn akọrin obìnrin ti ń yá ọmọ ọwọ́ kiri àdúgbò. Moufoutaou ti ń sáré báyìí, ó sì wúwo bí àpò ìrẹsì, àmọ́ Tántì Alice kò tíì gbà kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òun.