Obìnrin Oríta Tí Kò Ní Òṣùká

"Pa ẹsẹ̀ pọ̀. Sọ apá méjèèjì sílẹ̀. Gbójú sókè bíi ti ère yìí."

Bí mo ṣe gbójú sókè ni agbọ̀n yẹ̀ lórí mi, iyanrìn inú rẹ̀ sì dà sí mi lọ́rùn. Àwọn ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Màmá tó gbé agbọ̀n náà lé mi lórí kò rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò wa ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń kó àwa ọmọdé lọ sídìí ère oríta lọ́nà Ìjan ní ọ̀sán Sátidé. Ère obìnrin tó ru agbọ̀n iṣu ni, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, ó dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá níwájú gómìnà. A ti fi okùn wọ̀n ọ́n, a ti fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀, a sì ti fi amọ̀ odò mọ kékeré tiwa. Òórùn amọ̀ náà ṣì wà ní èékánná mi. Màmá kì í sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Ìbéèrè ni tiwọn: ta ló ní kí wọ́n gbé e síbí? Ta ni wọ́n fẹ́ kí a máa rántí?

Ẹ̀rù ló ń bà mí ní tèmi. Aládùúrà tí kì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré ni ìyá mi, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé òrìṣà ni gbogbo ère. Bí wọ́n bá rí mi nídìí rẹ̀, mi ò ní dé ọ̀dọ̀ Màmá mọ́ láé. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí mo bá wà lọ́dọ̀ Màmá nìkan ni mo máa ń rò pé mo gbọ́n.

Mo ń gbọn iyanrìn lára ni mo gbọ́ ìró sálúbàtà tí mo mọ̀ dáadáa. Ìyá mi ló ń ti oko bọ̀, agbọ̀n iṣu lórí. Ọwọ́ mi kan wà lẹ́sẹ̀ ère. Mo sáré fà á kúrò.

"Kí lo wá ṣe nídìí òrìṣà yìí?"

Màmá ló dáhùn. "Ẹ kúuṣẹ́ oko o, ìyá ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ uṣu yín kalẹ̀. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀." Wọ́n yíjú sí wa. "Ẹ wò wọ́n dáadáa, kí ẹ tún wo ère. Kí lẹ rí?"

Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ìyá mi yà díẹ̀. Òmíràn ní apá wọn kan di agbọ̀n mú. Èmi ni mo rí i. "Ère ò ní òṣùká," ni mo wí.

Ìyá mi fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n ká sórí, lábẹ́ agbọ̀n. Wọ́n rọra yí ère náà po, wọ́n ń wo orí rẹ̀. Ẹ̀rín wá gbà wọ́n lẹ́nu.

"Èyí kì í ṣe òrìṣà. Èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ère, wọn ò sì bi mí léèrè." Wọ́n nawọ́ sí mi. "Ulé yá. Sátidé mìíràn, jẹun kó o tó wá."

Ara tù mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, Màmá sì ti lọ sinmi báyìí. Adó ni mo ń gbé, mo sì máa ń gba àdúgbò Adébáyọ̀ lọ síbi iṣẹ́. N kì í lè kọjá lára ère kankan láìrò ó bóyá ẹni tó ṣe é bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí mo bá lọ kí ìyá mi, wọ́n á jẹ́ kí n jókòó, kí wọ́n tó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti wá òṣùká fún obìnrin oríta, ọ̀rẹ́ àwọn.