Omi Tí Mo Kọ́kọ́ Fi Ẹnu Kàn

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri ní Ifangni pé mo lọ sí Kútọnù lọ mu omi mọ́ ọmọ mi lójú. Wọ́n ní oòrùn ń pa ọmọ náà lọ nínú eré ìje, ó na ọwọ́ sí mi, èmi sì da omi tó yẹ kí n fún un sí ọ̀fun ara mi. Obìnrin kan tó ń ta gààrí ní ibùdó ọkọ̀ ló sọ ọ́ sí mi létí. Ará Tchaada ni, kò mọ̀ mí, kò mọ̀ pé èmi gan-an ni ìyá tí òun ń bú. Mo ra gààrí rẹ̀, mo dúpẹ́, mo lọ sílé. Ẹni tó ti ṣe olùdarí ilé-ìwé rí kì í bá olóńjẹ jà lójú títì. Ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kọ. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde náà mọ̀wé kà, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá. Bí mo bá rán an ní iyọ̀, kí epo tó gbóná lórí iná, ó ti dé. Bàbá rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín, a ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tiẹ̀ dé ọ̀hún ṣá?” Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Mo ti rí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń sáré, tí gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n ń ru iṣu kọjá níwájú ilé-ìwé mi, wọ́n ń yíjú sẹ́yìn kí n má baà rí wọn.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní eré sísá wá láti Kútọnù. Ó rí i níbi ìdíje àwọn ilé-ìwé ní Banigbé, ó sì tẹ̀ lé e dé ilé wa. Ó fẹ́ mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sárésáré. Ó kó ìwé jáde pé kí òbí fọwọ́ sí i. Mo ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀, mo ṣe àtúnṣe Faransé tó wà nínú rẹ̀, mo sì dá a pa dà fún un láìfọwọ́ sí i. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹsẹ̀ kì í gba ìwé-ẹ̀rí.”

Àbúrò mi obìnrin ló fọwọ́ sí i. Àbúrò mi tí mo tọ́ lẹ́yìn ikú ìyá wa, tó jókòó ti tábìlì mi tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ A, B, D, òun ló fi ọwọ́ yẹn kan náà kọ orúkọ sí àyè òbí. Mo dé láti ilé-ìwé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí i pé aṣọ ọmọ mi kò sí lórí okùn mọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀.

Mo ní láti sọ nǹkan kan nípa omi kí n tó tẹ̀ síwájú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Níhìn-ín, a kì í bi àlejò léèrè ohun tó gbé e wá kó tó mu omi. Ẹni tó gbé omi náà wá ló máa ń kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí ohun búburú nínú rẹ̀, kó tó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Àlejò tó bá kọ omi náà, ìjà ló gbé wá. Mo fi pàṣán kọ́ ọmọ mi ní àṣà yìí. Ó tó ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tó sáré gbé omi fún bàbá àgbà kan láìfi ẹnu kàn án. Mo nà án lójú bàbá náà. Mo ní, “Kọ́kọ́ mu! Ìgbà wo ni wàá tó mọ̀ ọ́n?”

Ó mọ̀ ọ́n. Ọdún méje lẹ́yìn tó kúrò nílé, bàbá rẹ̀ kú. Èmi fúnra mi ni mo lọ sí Kútọnù, sínú yàrá kan tó gbà, láti sọ ọjọ́ ìsìnkú fún un. Ó rí mi, ó wólẹ̀ sórí eékún. Ó bu omi, ó mu díẹ̀ níbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè sí mi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo wo ife náà. Mo wo àwọn àmì-ẹ̀yẹ tó so kọ́ ara ògiri. Bàbá rẹ̀ ti béèrè ọmọ náà títí ẹnu rẹ̀ fi dákẹ́.

Mo ní, “Ọjọ́bọ̀ ni a ó sin bàbá rẹ. N kò wá mu omi.”

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bojú wẹ̀yìn. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ṣì gbé ife náà sókè.

Ó wá síbi ìsìnkú, ó sùn ní ilé àbúrò mi, ó pa dà. Ọdún mẹ́wàá kọjá, èmi àti òun kò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi yọ sí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgòlò ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń ta aṣọ lẹ́bàá ààlà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó o.”

“Kú ìrìn. Kí ló dé?”

“Ọ̀rọ̀ ni. Ṣé wọn kì í fún ènìyàn lómi ní ilé yín mọ́ ni?”

“Ẹnu tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri bíi tìrẹ, ṣé ó máa ń gbẹ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àga sí ìdí ara rẹ̀. “Ọmọ yín fẹ́ sáré ní Kútọnù ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Máratọ́nì ni. Kìlómítà méjìlélógójì.”

“Nínú ooru yìí?”

“Nínú ooru yìí ni. Ó ní òun ti ń dàgbà, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun ṣì wà níbẹ̀.”

“Ó ní kí o wá sọ fún mi?”

“Kò ní kí n sọ. Kò sì ní kí n má sọ.”

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí o bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, o kò ní rí ibi dì í mú.

Síbẹ̀ mo lọ. Ohun tí mo ń wá kò pọ̀. N kò fẹ́ kó dúró, n kò fẹ́ kó bẹ̀ mí, n kò sì ní ẹnu láti bẹ̀ ẹ́. Mo kàn fẹ́ kó gba omi lọ́wọ́ mi. Bó bá gbà á, omi tí mo kọ̀ lọ́jọ́ náà ti pa dà sí àyè rẹ̀ nìyẹn.

Mo bu omi nínú àmù tó wà ní igun yàrá mi, àmù tí ọmọ mi máa ń mu omi nínú rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, mo rọ ọ́ sínú fúláàsì kó má baà gbóná. Mo mú ife funfun kan tí etí rẹ̀ ti ṣá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti wà nínú tákísí tó ń lọ sí Àjàṣẹ́, mo tún wọ òmíràn láti ibẹ̀ dé Kútọnù. Ọlọ́kadà tó gbé mi kúrò ní ibùdó ọkọ̀ wo bàtà mi.

“Màmá, ẹ̀yin náà fẹ́ bá wọn sáré ni?”

“Bí mo bá sáré, ta ni yóò rí mi mú?”

“Ó tì o, n kò ní lè fi alùpùpù yìí lé yín bá!”

Wọ́n ti dí ọ̀nà. Ó já mi sílẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn títí mo fi rí ibi tí wọ́n kọ ọgbọ̀n kìlómítà sí. Kò tíì tó aago mẹ́wàá, ọ̀dà títì ti ń rọ̀ lábẹ́ bàtà. Afẹ́fẹ́ òkun kò fẹ́ rárá. Àwọn tó ń sáré bẹ̀rẹ̀ sí kọjá, iyọ̀ òógùn ti gbẹ funfun sí wọn lójú bí ẹni tó da ìyẹ̀fun sójú. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan dúró, ó di orúnkún mú, ó bì, ó tún ń sáré lọ. Obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pàtẹ́wọ́. “Ẹ wò ó o! Kò sí ẹni tó lé e, kò sí ẹni tó jẹ ní gbèsè!”

Ní òdìkejì títì, mo rí àbúrò mi. Ó gbé abọ́ omi inú ọ̀rá kan dání. A rí ara wa. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì.

Ìgúnpá rẹ̀ ni mo fi dá ọmọ mi mọ̀. Ìgúnpá òsì rẹ̀ máa ń yọ síta nígbà tó bá ń sáré, bíi ti bàbá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó ti rù. Ètè rẹ̀ ti bó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gòkè dáadáa mọ́, ó ń fà á nílẹ̀ ni. Mo bu omi sínú ife, mo sún mọ́ ojú títì.

Ó rí mi. Mo mọ ìgbà tó rí mi, nítorí ó kúrò láàárín títì, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó ku ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ó ku márùn-ún. Ó na ọwọ́.

Mo sì gbé ife náà sí ẹnu ara mi.

N kò rò ó. Ọwọ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fi ẹnu kan omi náà kí ọmọ mi lè mọ̀ pé kò sí ohun búburú nínú rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré kì í ṣe àlejò tó jókòó sórí àga. Nígbà tí mo fi ọwọ́ méjèèjì na ife náà, ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá. Omi dà sí mi láṣọ.

“Hẹ̀n, Màmá!” ni ọlọ́sàn pariwo. “Òùngbẹ yín ju ti ẹni tó ń sáré lọ!”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀yìn ọmọ mi. Ó gba òdìkejì títì, ó gba omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ àbúrò mi, ó fi eyín já etí rẹ̀, ó ń mu ún lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Èmi náà ni mo kọ́ ọ, nígbà tí mo máa ń rán an níṣẹ́, pé ẹni tó ń sáré kì í wẹ̀yìn.

N kò lọ síbi tí wọ́n ti ń parí eré. Mo wọ ọkọ̀ pa dà sílé. Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi pè mí lórí fóònù.

“Ó parí rẹ̀ o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀.”

Mo ń fi omi ṣan ife náà lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí n bi yín: ṣé ẹ rí i pé òun na ọwọ́?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi rò ó wò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbọ́ ní ayé, ẹnu kan ṣoṣo tí mo ti búra pé n kò ní gbà gbọ́ mọ́ ló gbà jáde. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Mo ní, “Irọ́ ni. Ìwọ lo hun ún.” Mo gé fóònù náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìtàn omi náà dé ọjà. Àbúrò mi bínú, ó sọ ohun tó rí. Ohun tó rí kì í sì í ṣe irọ́, ìdí rẹ̀ ni kò sọ. Ó mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ilé kan náà ni a ti kọ́ bí a ṣe ń gbé omi fún àlejò.

Nígbà tí ọdún yí po, mo tún lọ. Fúláàsì kan náà, ife kan náà, ibi ọgbọ̀n kìlómítà kan náà. Ní gbogbo ọ̀nà, mo ń sọ fún ọwọ́ mi bí ẹni ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́n: má ṣe gbé e sẹ́nu, nà án sí i, nà án sí i. Ooru ọdún náà tún ju ti èṣí lọ. Mo wá ìgúnpá òsì lára gbogbo ẹni tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin kan tí n kò mọ̀ rí yà sọ́dọ̀ mi. Mo na ife náà sí i. N kò fi ẹnu kàn án. Ó mu ún, ó da ìyókù sórí ara rẹ̀, ó dúpẹ́ ní Faransé, “Mẹ̀sí, Màmá,” ó sì lọ. Ẹ̀rù bà mí pé omi ti fẹ́ tán, ọmọ mi kò sì tíì dé. Mo rọra ń bu díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó rẹ̀ kọjá. Wọ́n ṣí títì fún alùpùpù.

Mo pe àbúrò mi. Láti ìgbà tí mo ti gé fóònù náà, n kò tíì pè é.

Mo ní, “N kò rí i.”

Kò béèrè pé ta ni. “Ó ti lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, ó di oṣù mẹ́rin. Wọ́n fún un níṣẹ́ níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá. Mo rò pé ẹ mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

Mo ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀. “Ṣé kí n ka nọ́mbà rẹ̀ fún yín?”

“Mo ní in,” ni mo wí.

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé wọn yóò gbé ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, o kò sì ní lè ṣe kí o má kà á. Kà á dé ìsàlẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ti lọ. N kò sì ní nọ́mbà náà.