Táàpù Epo Tí Bàbá Mi Tì

Ẹnu mi mú. Àwọn tó bí mi mọ̀, ọkọ mi mọ̀, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba náà mọ̀. Bí inú bá ń bí mi, màá ti sọ̀rọ̀ tán kí n tó ronú. Àìmọye ìgbà ni mo ti tọrọ àforíjì, tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Èyí tí mo sọ sí bàbá mi nítorí máṣíìnì wọn ni kò parí.

Alùpùpù àtijọ́ ni máṣíìnì náà, ó ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Òun ni Bàbá ń gùn káàkiri àwọn abúlé tó yí Ìlọrin ká nígbà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn àti ewúrẹ́. Bí wọ́n bá ń tún un ṣe lọ́jọ́ ìsinmi, èmi ni mo máa ń bá wọn mú sípánà dání, èmi obìnrin. Wọ́n á ní, "Àlàájà, kí la kọ́kọ́ ń ṣe?" Èmi tí n kò tíì dé Mẹ́kà títí dòní, Àlàájà ni wọ́n ń pè mí. Màá ní, "A máa kọ́kọ́ ti epo ni."

Táàpù kékeré kan ló wà lábẹ́ táǹkì. Bí o bá yí i sísàlẹ̀, epo á máa lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí o bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tì nìyẹn. Kábúrétọ̀ máṣíìnì náà ti gbó, kò lè dá epo dúró mọ́, nítorí náà ẹni tó bá gbàgbé láti ti táàpù máa bá epo nílẹ̀ láàárọ̀. Bàbá kì í gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo kúrò nílé mi ní Adéwọlé, mo gba ilé wọn lọ ní Ṣàngó. Bí mo ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òórùn epo gbá mi nímú. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni máṣíìnì ń sùn nítorí àwọn olè. Epo ti ṣàn láti abẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá. Òjò sì ti ṣú, Màmá ń gbé àdògán èédú bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yinná pọ́n dẹ̀dẹ̀ nínú rẹ̀. Mo kígbe, "Ẹ má gbé e wọlé o! Ẹ dúró síbẹ̀!"

Mo yíjú sí Bàbá tí wọ́n jókòó sórí ẹní ìkírun wọn. "Bàbá! Ẹ ò ti epo!"

"Mo tì í," ni wọ́n wí.

Mo wo táàpù náà. Títì ni mo bá a. Ẹni tó ní làákàyè á dúró rò ó wò. Èmi ní tèmi, mo ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tì í nígbà tí òórùn náà jí wọn ni.

"Mo tì í lánàá kí n tó kírun Ìṣáì, Àlàájà."

"Ẹ gbàgbé ni, Bàbá. Àgbà ti dé."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ṣẹlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá pè mí sẹ́yìn máṣíìnì, wọ́n fi ara ògiri hàn mí. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà wẹ́wẹ́ síbẹ̀, ọ̀kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan. "Bí mo bá ti tì í tán, màá fà á. Ti àná rèé."

Màmá wà níbẹ̀. Aládùúgbò wa kan tó wá kí wọn náà wà níbẹ̀. Mo sì la ẹnu mi yìí, mo ní, "Bàbá, èèyàn lè fa ìlà kó má sì ti táàpù. Làákàyè yín ò pé mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ dáná sun Màmá mọ́lé ni?"

Ástàgfìrúlláì. Bàbá tó bí mi lọ́mọ.

Wọn ò bínú. Wọn ì bá gbá mi létí, ì bá sàn. Wọ́n kàn wo ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì rọra fi í sápò. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. Mo gba kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì lọ́wọ́ wọn, mo bá tèmi lọ. Lójú tèmi, mo ti ṣe ohun tó yẹ ọmọ gidi.

Bí lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà nítòsí ilé wọn bá lọ síbi iṣẹ́, Bàbá ló máa ń bọ́ síwájú kírun Alásárì. Ó ti tó ọdún méje tí wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí mo gba kọ́kọ́rọ́, Màmá pè mí lórí fóònù pé Bàbá ní àwọn ò ní síwájú mọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn kí àwọn má lọ kí rákà mẹ́ta kí àwọn sì pè é ní mẹ́rin. "Bí èmi nìkan bá ṣì í, ọrùn mi ló wà. Bí mo bá ṣi gbogbo jámáà lọ́nà ńkọ́?" Màmá ní wọ́n ti ń béèrè báyìí bóyá àwọn ti jẹun, bóyá àwọn ti lo oògùn.

"Ọkọ mi ò ṣe báyìí rí," ni Màmá wí. "Kí lo sọ fún wọn gan-an?"

Mo ní ọjọ́ ogbó ni. Mo bá kúkú wá ẹni tó máa ra máṣíìnì náà, ọkùnrin kan tó ń kó àwọn alùpùpù àtijọ́ jọ. Ó ní kí n bá òun fọ kábúrétọ̀ rẹ̀ kí òun tó wá wò ó.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ti máṣíìnì náà jáde síwájú ilé Bàbá. Bàbá gbé àga síbi òjìji, wọ́n ń wò mí. Wọn ò bi mí léèrè ohun tá a kọ́kọ́ ń ṣe. Èmi ni mo bi ara mi, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi ti táàpù. Mo yọ ọ̀pá rọ́bà kúrò lára kábúrétọ̀, mo gbé agolo wàrà sábẹ́ ẹnu rẹ̀ kí ìwọ̀nba epo tó kù nínú rẹ̀ lè ro dànù.

Ó ro, ó ro, kò dá. Kán. Kán. Kán. Mo yí táàpù padà, mo tún tì í. Kán. Kán.

"Mo tì í!" Kò sẹ́ni tó bi mí, mo kàn kígbe ni. "Wàláì, mo tì í!"

Bàbá gbé orí sókè wò mí.

Mo tú táàpù náà. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, tó ní ihò mẹ́rin. Ó ti gan, ó sì ti sán láti ihò kan dé èkejì. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan ní Ṣàngó. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní irú rẹ̀ lè dí epo lónìí kó jò lọ́la, ẹni tó ń tì í ò ní mọ̀. Ó tú agolo irin jákujàku rẹ̀ títí ó fi rí ọ̀kan tó ṣì dára. Mo fi sáńpépà ha ojú irin, mo tò ó padà, mo gbé agolo sábẹ́ rẹ̀, mo jókòó tì í títí tí wọ́n fi pe ìrun Áílà. Ẹ̀kán kan ò bọ́.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo fi rọ́bà tó sán náà sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. "Ẹ dárí jì mí. Títì lẹ̀ ń tì í. Kò sọ́jọ́ kan tẹ́ ò tì í. Táàpù ló bàjẹ́, kì í ṣe làákàyè yín."

Wọ́n yí rọ́bà náà síwá sẹ́yìn. "Mo ti forí jì ọ́ tipẹ́, Àlàájà."

Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn, mo sì sọ fún oníbàárà pé máṣíìnì ò sí fún títà mọ́. Inú mi dùn. Nígbà tó di Alásárì, ládàánì ránṣẹ́ pé kí Bàbá wá síwájú, lèmọ́mù ò sí nílé. Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì dúró. "Ẹ ní kí ẹlòmíràn ṣe é," ni wọ́n wí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti kírun.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, mo ti mọ̀ ọ́n lówe láti kékeré. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí táàpù náà ò jò mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bí a bá ti kí Màgáríbì tán, fóònù mi á dún ní Adéwọlé.

"Àlàájà, ṣé mo ti ti epo?"

Ṣàngó ni wọ́n wà pẹ̀lú máṣíìnì wọn. N kò sí níbẹ̀, n kò sì rí nǹkan kan.

"Ẹ ti tì í, Bàbá," ni màá wí.

"Ó dáa," ni wọ́n á wí. "Bí ìwọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀."