Ẹṣin Kajetan Lórí Òkè Olómi-Dídì

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1795, Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà fọwọ́ sí i láti pín ìyókù ilẹ̀ Póláńdì láàárín ara wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Kajetan Strzembosz, ọmọ Póláńdì, nígbà náà. Nígbà tó wọṣẹ́ ológun, ó jà fún àwọn Faransé ní Ítálì, ó tún jà fún wọn ní Sípéènì. Níbi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ fún un pé bí ogun yìí bá ti parí báyìí, wọn yóò dá orílẹ̀-èdè rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó búra fún un. Síbẹ̀, kò kọ àṣẹ wọn rí.

Ní ọdún 1812, ní Mọ́sko, ìlú Rọ́ṣíà tí àwọn Faransé ti gbà, oòrùn ṣì ń ràn nígbà tó ní kí wọ́n kan bàtà irin oníṣóńṣó mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe nílé kí òtútù tó dé. Àwọn Faransé fi í ṣẹ̀sín.

"Balógun, ṣé orí òrùlé lẹ fẹ́ gùn ni?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ ṣì ń bọ̀ wá yá wọn."

Ní oṣù kọkànlá, bí wọ́n ti ń sá padà sílé, wọ́n kan òkè kan tí omi ti dì bò. Ẹṣin àwọn Faransé ń yọ̀ ṣubú. Ti Kajetan nìkan ló dúró. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n ń fà, Ludwik àbúrò rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀, ọta ìbọn ti fọ́ ọ nítan. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ò jìnnà sẹ́yìn.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Faransé kan dé. "Tú àwọn ẹṣin yẹn. Àgbá ìbọn wa ni wọn yóò kọ́kọ́ fà."

"Ọ̀gá, àbúrò mi ló wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ ò wá fẹ́ gba orílẹ̀-èdè yín padà mọ́ ni?"

Kajetan tú wọn. Kò lè wo ojú Ludwik. Ìgbàkígbà tí àgbá náà bá há, á bojú wẹ̀yìn wo kẹ̀kẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dókè, kọ́nẹ́ẹ̀lì wo ọ̀nà iwájú, ó ní àgbá náà wúwo jù, kí wọ́n tì í sí kòtò.

Ìbọn ti ń dún nísàlẹ̀. Kajetan da àwọn ẹṣin padà láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó pe Ludwik. Ó tún un pè.

"Mo rò pé ẹ ti lọ gba orílẹ̀-èdè náà ni," Ludwik sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àwọn ẹṣin fà á gòkè. Bí wọ́n ti ń kọjá, Ludwik rí àgbá náà nínú kòtò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwọn Faransé yìí náà lẹ ní wọ́n máa dá ilẹ̀ wa padà fún wa?"