Ọkọ̀ Tí Màmá Dùnmínínú Lè Dá Wà

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀! Ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sórí òkè, tó dàgbà sórí òkè, ó lé lọ́gọ́ta ọdún tán, ó ní ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ rà. Tíṣà Adébíyìí ti Òkè-Ìlá ní Adó ni mò ń wí, ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì. Ó ya odò sójú pátákó títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì wọ ọ̀kan ṣoṣo rí. Ó ní òun àti ìyàwó òun yóò gba orí ọ̀sà láti Ìgbókọ̀dá lọ sí Èkó, wọn yóò dé Àgbádárìgì, wọn yóò sì kọjá sí Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́yìn bodè. Inú ọkọ̀ náà ni wọn yóò ti máa dáná, inú rẹ̀ ni wọn yóò máa sùn.

Ayọ̀níkẹ́, àbúrò ìyàwó rẹ̀, gbọ́ ọ ní Ìjàn, ó wọ mọ́tò wá sí Adó.

"Kò rí ulé rà, omi ló rí? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ o!"

Títílọlá, ìyàwó tíṣà, tí ọkọ rẹ̀ ń pè ní Màmá Dùnmínínú, kàn rẹ́rìn-ín ni. Nọ́ọ̀sì ni òun náà kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo Adó ló ń pè é ní Mátírọ́ọ̀nù. Àṣírí tí kò sọ fún Ayọ̀níkẹ́ ni pé ọkọ̀ yẹn wu òun ju tíṣà lọ. Iṣẹ́ alẹ́ lòun ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀sán ni ti ọkọ òun. Ó tó ogún ọdún tí wọ́n fi ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Ó fẹ́ gbà lára ọdún wọ̀nyẹn padà kí wọ́n tó kú.

Àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Láti Ọdún Àjíǹde ni tíṣà ti ń lọ sí Ìgbókọ̀dá ní gbogbo ọjọ́bọ̀ láti wo ọkọ̀, tí yóò sì padà wá pẹ̀lú ẹjọ́. Gbogbo ẹjọ́ náà, orí Títílọlá ló ń dá a lé. Ti ọ̀sẹ̀ yìí, á ní ìdákọ̀ró rẹ̀ wúwo, o ò lè dá fà á. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, sítíárìn rẹ̀ ga jù ọ́ lọ.

"Èmi nìkan ṣáá," ni obìnrin náà wí lọ́jọ́ kan. "Kí ni ẹ̀yin máa máa ṣe?"

"Èmi máa máa jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín, obìnrin náà ò rín. Ṣé ọkùnrin yìí fẹ́ gbé òun sórí omi, kó sì bá tirẹ̀ lọ ni? Ẹ̀rù bà á gan-an. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wé gèlè rẹ̀, ó jókòó sínú tasí tí ọkọ rẹ̀ háyà kí ọkùnrin náà tó jáde.

Ní Ìgbókọ̀dá, Olúgbénga tó ń ta ọkọ̀ fi méjì hàn wọ́n. Àkọ́kọ́ funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eré ló wà fún. Ojú kì í rí arẹwà kó má kí i. Títílọlá ní òun ti rí tòun. Ìkejì jọ ọkọ̀ ńlá àwọn apẹja òkun, àmọ́ kékeré ni: ikùn rẹ̀ jìn, imú rẹ̀ ga, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ní, kò sì mọ eré í sá. Yàrá onífèrèsé yíká ló wà lókè rẹ̀, níbi tí sítíárìn wà. Iwájú èyí ni tíṣà dúró sí.

"Màmá Dùnmínínú, wá fa ìdákọ̀ró yìí wò."

Inú bí obìnrin náà. "Ẹ fà á fúnra yín! Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ ra ọkọ̀?"

Tíṣà tẹ̀ ba, ó di okùn mú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, okùn sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀," ni Olúgbénga wí. "Ṣebí dọ́kítà yín l'Ákùúrẹ́ ní kí ẹ má fi ọwọ́ yẹn gbé nǹkan mọ́?"

Yéè! Ọlọ́kọ̀ mọ̀, ìyàwó ò mọ̀. Títílọlá wo ọkọ rẹ̀. Láti Ọdún Àjíǹde, bùbá ló ń wọ̀, kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbọ́tìnnì mọ́. Kò wa mọ́tò mọ́, ó ní gíláàsì òun ò dára. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ọ̀sì yìí ló sì bá a mú un. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Iṣan ló ń kú," ni tíṣà wí. "Ọwọ́ ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ ló kàn. Ọdún méjì, bóyá mẹ́ta. Bí mo bá jókòó sí ọsibítù kan ní Adó, wọn ò tíì ní pe orúkọ mi tí wọ́n á ti pè ọ́ lórí fóònù."

"Ìkà ni yín!" Ẹkún ti gba ẹnu rẹ̀. "Gbogbo ayé ni mo tọ́jú. Ẹ̀yin nìkan ni mi ò gbọdọ̀ tọ́jú?"

Olúgbénga yí ojú sómi. Tíṣà nawọ́ sí bẹ́ǹṣì gígùn kan lẹ́yìn sítíárìn, inú yàrá onífèrèsé náà.

"Ibẹ̀ ni màá dùbúlẹ̀ sí. Ìwọ á máa wà á. Èmi á máa sọ orúkọ ibi tí a bá dé fún ọ."

Títílọlá sunkún títí ó fi tó. Lẹ́yìn náà ó fi etí gèlè nu ojú, ó gun ọkọ̀, ó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà. Ó na ìka ọwọ́ rẹ̀, ó wọn ẹnu ọ̀nà láti òpó dé òpó, ìnà ìka kan, èkejì, ẹ̀kẹta.

"Olúgbénga, ẹ pe káfíńtà kó bá wa fẹ ibí yìí. Àga onítáyà ò lè gbà á wọlé."

"Ẹsẹ̀ mi ṣì dára o," ni tíṣà wí láti ìsàlẹ̀.

"Mo gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó sì tún un wọ̀n.